Àṣìṣe wo ló ṣe é fojú fò dá nínú fíìmù ogun, èwo ni kò ṣe é fojú fò dá?

Awòran-má-sùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí gbogbo yín. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i, nítorí pé a kò tíì yanjú rẹ̀ títí di àsìkò yìí. A jókòó wo *U-571*, fíìmù ogun tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti múra bí ará Jámánì, tí wọ́n wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá, tí wọ́n sì gba Enigma, ẹ̀rọ tí Jámánì fi ń sọ ọ̀rọ̀ ogun di àrokò tí ẹlòmíràn kò lè tú. Ká sọ òótọ́, fíìmù náà dùn. Nígbà tí àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú nínú omi, tí ara ọkọ̀ náà ń dún kíkan-kíkan bí ẹni pé yóò fọ́, n kò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ àga mú.

Bí ó ṣe parí ni ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, tí wọ́n ní olè ni àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba ẹ̀rọ náà, àti pé nígbà tí wọ́n gbà á, Amẹ́ríkà kò tíì dá sí ogun rárá. Èmi fèsì pé eré ni eré ń jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ìtàn kí ó lọ ka ìwé. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé nígbà tí mo bi wọ́n bóyá aṣọ, ìbọn àti ọkọ̀ inú fíìmù náà bá ìgbà náà mu, wọ́n ní ìyẹn kò kan àwọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ibi tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ nípa fíìmù ogun, aṣọ àti ìbọn gan-an ni àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jà: bọ́tìnnì yìí kò tíì sí ní ọdún yẹn, táńkì yẹn kì í ṣe ti Jámánì.

Ṣé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa Enigma? Báwo sì ni àṣìṣe ṣe ń pọ̀ tó báyìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, tí wọ́n sì gba ológun àti òpìtàn ṣe olùdámọ̀ràn fún? Nínú àwọn àṣìṣe náà, èwo ni ẹ̀yin máa ń gbójú fò, èwo ló máa ń bí yín nínú?

Akàwé-lóru

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1941 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ HMS Bulldog, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó bá a rìn, fi àdó olóró lé U-110, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, jáde láti abẹ́ omi ní Àríwá Òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ará Jámánì inú rẹ̀ sá jáde, nítorí wọ́n rò pé ọkọ̀ náà ti ń rì. Ọ̀dọ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ David Balme ló kó àwọn ọmọ ogun díẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n wa ọkọ̀ kékeré lọ bá a, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láìmọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì dìbọn dè wọ́n nísàlẹ̀, tàbí bóyá wọ́n ti dẹ bọ́ǹbù sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ̀rọ Enigma kan àti àwọn ìwé àrokò rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ogun.

Ṣùgbọ́n ti U-110 kọ́ ló máa ń dùn mí jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, ọkọ̀ HMS Petard mú U-559 ní Òkun Mẹditaréníà. Àwọn méjì kan, Anthony Fasson àti Colin Grazier, wẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ náà lóru nígbà tí omi ti ń ya wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń na ìwé àrokò sókè sí Tommy Brown, ọmọ ọdún 16 tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ nínú ọkọ̀ Petard, ẹni tó purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Lójijì ni ọkọ̀ náà rì. Brown jáde, Fasson àti Grazier kò jáde. Àwọn ìwé tí wọ́n kú lé lórí yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń tú àrokò ní Bletchley Park tún rí ọ̀nà wọ inú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́ wọn.

Amẹ́ríkà náà gba ọkọ̀ abẹ́ omi kan, U-505, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni, nígbà tí ogun ti ń lọ sópin. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ tú àrokò Enigma gan-an, àwọn onímọ̀ ìṣirò ọmọ Poland ni, láti ọdún 1932, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá. N kò rí fíìmù ńlá kan tó fún wọn ní ìdá mẹ́wàá ọlá tó tọ́ sí wọn.

Òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìparí *U-571* láti dárúkọ Bulldog àti Petard. Lójú tèmi, ìyẹn dà bí ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó wá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ orúkọ onílẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri. Tony Blair, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé àbùkù ni fíìmù náà jẹ́ fún àwọn atukọ̀ tó kú. David Ayer tó wà lára àwọn tó kọ ìtàn eré náà sì sọ ní ọdún 2006 pé òun kábàámọ̀ rẹ̀, pé nítorí kí àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà lè rí ara wọn nínú rẹ̀ ni àwọn ṣe yí i padà. Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ṣírò èrè rẹ̀.

Ọmọ-ẹ̀yìn-kámẹ́rà

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ díẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù, nítorí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò jìnnà sí tiwọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀yin òǹwòran ń pè ní àṣìṣe, àwọn tó ṣe é mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú *Dunkirk*, fíìmù ọdún 2017 nípa bí wọ́n ṣe kó àwọn sójà tí Jámánì ká mọ́ etíkun Faransé kúrò ní ọdún 1940, olùdarí rẹ̀, Christopher Nolan, ní kí wọ́n kun imú àwọn bàálù Jámánì ní yẹ́lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Dunkirk ni àwọn Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun imú bàálù wọn bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bàálù méjì tó ń lé ara wọn kiri lójú ọ̀run kò yàtọ̀ síra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, òǹwòran tí kò bá sì mọ ẹni tó ń lé ẹnìkejì kò ní bẹ̀rù fún ẹnikẹ́ni. Nínú fíìmù kan náà, wọ́n gé páálí ní àwòrán sójà àti ọkọ̀, wọ́n sì tò wọ́n jìnnà sí kámẹ́rà kí etíkun lè dà bí ibi tí èrò kún. Kò sí ẹni tó rí i.

Ní ti táńkì àti bàálù, ohun tó ń bá wa fínra ni pé irinṣẹ́ ogun náà kò sí mọ́. Táńkì Tiger ti Jámánì tó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lóde òní kò ju ẹyọ kan lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Tiger 131, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Tùnísíà ní ọdún 1943, tó sì wà ní ilé ọnà táńkì ní Bovington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n yá lọ fún *Fury* ní ọdún 2014. Ẹni tí kò bá rí i yá ní láti dá ọgbọ́n. Àwọn Tiger inú *Saving Private Ryan*, T-34 ti Rọ́ṣíà ni wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò; ẹ wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa, táyà Tiger gidi máa ń gun ara wọn lẹ́yìn bí ìpẹ́ ẹja, ti inú fíìmù náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe *Battle of Britain*, tó jáde ní ọdún 1969, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Sípéènì ni wọ́n ti rí bàálù tí wọ́n fi ṣe ti Jámánì. Sípéènì ló kan wọ́n, ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Merlin ti Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà nínú wọn, irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé wọn. Bàálù tó ń sá àti èyí tó ń lé e, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èyí tí èmi pàápàá kò lè gbójú fò ni *Battle of the Bulge* ti ọdún 1965. Inú igbó Ardennes ni ogun náà ti wáyé, ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, nínú yìnyín tó ń gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Sípéènì ni wọ́n ti ya fíìmù náà, ìjà táńkì tó kẹ́yìn rẹ̀ sì wáyé lórí pápá gbalasa tí eruku ti ń sọ. Táńkì Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun ni wọ́n fi ṣe Tiger. Ìyẹn ti kọjá ọgbọ́n, ó ti di ọ̀lẹ.

Ní ti bọ́ǹbù, ẹ mọ iná pupa ńlá tó máa ń rú sókè nínú fíìmù? Epo bẹntiróòlù ni. Lójú ogun gidi, ọta àgbá tó bá balẹ̀ máa ń gbé iyẹ̀pẹ̀ àti èéfín sókè ni, iná rẹ̀ á tàn, á sì kú kí ojú tó rí i, irin rẹ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ ló ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù máa ń hàn nínú àwòrán, òṣèré sì lè dúró nítòsí rẹ̀ láìkú. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ sójà tó ń rìn ní gìrìgìrì mọ́ra wọn: bí wọ́n bá jìnnà síra bí ó ti yẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni kámẹ́rà yóò rí.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti dára jù lójú mi ni ìbẹ̀rẹ̀ *Saving Private Ryan*, ti ọdún 1998. Curracloe ní Ireland ni wọ́n ti ya á, kì í ṣe Normandy, etíkun Faransé tí ìjà náà ti wáyé. Àwọn ọmọ ogun àfikún ilẹ̀ Ireland pọ̀ nínú àwọn tó ń sáré létíkun, àwọn tí wọ́n ti gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì lò fún àwọn tí bọ́ǹbù já ẹ̀yà ara wọn. Janusz Kamiński tó ya àwòrán náà ní kí wọ́n há ohun tí wọ́n fi ń bo dígí kámẹ́rà kúrò kí àwọ̀ lè ṣá bí ti fíìmù ìgbà ogun, ó sì dín àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọ inú àwòrán kọ̀ọ̀kan kù, tó fi jẹ́ pé wóró iyẹ̀pẹ̀ tó fò sókè hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọta ìbọn tó ń pa àwọn tó ti rì sínú omi nínú ìran náà kò lè rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ nínú omi gidi, nítorí pé kíá ni omi máa ń gba agbára rẹ̀. Mo mọ̀. Mo ṣì gbà á.

Ajagunfẹ̀yìntì

Ọmọ-ẹ̀yìn-kámẹ́rà, ẹ ṣe é, mo gbádùn àlàyé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀kan kún un. Àwọn ọmọ ogun Ranger tí fíìmù náà dá lé, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wa ọkọ̀ tó gbé wọn dé etíkun Omaha. Nínú fíìmù, Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ẹ kò mẹ́nu kan ìyẹn, ẹ̀sẹ̀ tí Akàwé-lóru sì ń bá *U-571* wí gan-an ni, àfi pé ó kéré.

Ogún ọdún àti díẹ̀ ni mo fi wọ aṣọ ológun. Àwọn ọmọ mi rò pé ìbọn ni mo máa ń wò nínú fíìmù ogun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹni tó ti ru ẹrù rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kì í rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ̀wọ̀ fún Dale Dye, ológun Amẹ́ríkà tó ti jà ní Vietnam, ẹni tó kó àwọn òṣèré *Saving Private Ryan* lọ sínú igbó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó fi òjò, àárẹ̀ àti àìsùn kọ́ wọn. Wọn kò mú Matt Damon, tó ṣe Ryan, lọ síbẹ̀, kí inú lè máa bí àwọn yòókù sí i gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe fẹ́. Àwọn tó ṣe *Das Boot* ní ọdún 1981 náà ṣe ohun tó jọ ọ́: wọn kò jẹ́ kí oòrùn pa àwọn òṣèré, kí ara wọn lè funfun bí ti ẹni tó ti pẹ́ lábẹ́ omi, wọ́n sì ya ìran tẹ̀ lé ìran kí irùngbọ̀n wọn lè máa gùn bí ọjọ́ ti ń lọ. Irú òótọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n ba orúkọ ẹni tó ti kú jẹ́. Ẹ gbọ́ ti *Zulu*, fíìmù ọdún 1964 nípa ogun Rorke's Drift ní Gúúsù Áfíríkà, ọjọ́ 22 àti 23 oṣù Kíní ọdún 1879, níbi tí nǹkan bí 150 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dáàbò bo ibùdó kékeré kan lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Zulu. Sójà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Henry Hook. Fíìmù sọ ọ́ di ọ̀mùtí àti ọ̀lẹ tó ń ṣe bí aláìsàn, tó wá di akọni ní ọ̀sán kan. Hook gidi kì í fẹnu kan ọtí. Sójà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó wà lára àwọn tó gbé àwọn aláìsàn la ihò ara ògiri kọjá láti yàrá dé yàrá nígbà tí iná ti mú òrùlé, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross, ọ̀kan nínú 11 tí wọ́n fún àwọn tó jà níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fún òṣèré náà ní orúkọ mìíràn? Orúkọ kì í ná wọn lówó.

Irú rẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí Philip Toosey. Òun ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Japan kó lẹ́rú láti kọ́ afárá ojú irin ní Thailand. Láti ìgbà tí *The Bridge on the River Kwai* ti jáde ní ọdún 1957, ọ̀gágun agbéraga inú rẹ̀, ẹni tó fi ìfẹ́ kọ́ afárá fún ọ̀tá, ni àwọn ènìyàn fi ń wo Toosey. Irọ́ gbáà. Toosey ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe láti fi iṣẹ́ náà falẹ̀ àti láti dáàbò bo ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀. Kì í ṣe akọni kan tó yọ́ wọ igbó ló fọ́ afárá gidi, bàálù ló ju bọ́ǹbù lù ú ní ọdún 1945. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé afárá náà kò tilẹ̀ sí lórí odò Kwai. Odò Mae Klong ló gbà kọjá. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo odò inú fíìmù, tí wọn kò sì rí i, ìjọba Thailand yí orúkọ apá odò náà padà sí Khwae Yai. Fíìmù parọ́, ilẹ̀ sì bá a gbè é.

Awòran-má-sùn

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ odò yẹn sétí ìgbọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dáhùn èyí: ta ló ń yá wọn ní hẹlikọ́pítà àti ọkọ̀ ogun òde òní? Ṣé ẹni tó yá wọn kì í sọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe?

Ọmọ-bìnrin-òpìtàn

Ó máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń fẹ́ ka ìwé eré kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ìyẹn. Bí ìtàn rẹ bá bá wọn lára mu, o rí ọkọ̀, awakọ̀ àti sójà. Bí kò bá bá wọn lára mu, wá ibòmíràn lọ. Nígbà tí Francis Ford Coppola ń ṣe *Apocalypse Now* nípa ogun Vietnam, wọn kò ràn án lọ́wọ́, ó sì lọ yá hẹlikọ́pítà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Philippines lábẹ́ ìjọba Marcos. Nígbà mìíràn, ní àárín iṣẹ́, wọ́n á pe hẹlikọ́pítà wọn padà láti lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà. Àmọ́ wọ́n fún *Black Hawk Down* ti ọdún 2001, fíìmù nípa ìjà àwọn sójà Amẹ́ríkà ní Mogadishu, olú ìlú Sòmálíà, ní hẹlikọ́pítà àti àwọn tó ń wà á. Ẹ sì wo ohun tó jáde. Ìró ìbọn, ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ṣùgbọ́n Mòrókò ni wọ́n ti ya Mogadishu inú rẹ̀, òṣèré Gẹ̀ẹ́sì kan ló ṣe Osman Atto, ọmọ Sòmálíà tí wọ́n mú ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Atto fúnra rẹ̀ tó ṣì wà láàyè nígbà náà sì sọ pé bí wọ́n ṣe mú òun kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun Pakistan àti Malaysia tó lọ yọ àwọn Amẹ́ríkà nínú ewu náà kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù. Pervez Musharraf, tó jẹ́ ààrẹ Pakistan nígbà náà, fi èyí ṣe ẹ̀sùn nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì ń wo ohun tó wà nínú àwòrán jù. Àṣìṣe tó lágbára jù ni èyí tí kò sí nínú àwòrán, nítorí kò sí bọ́tìnnì tí ènìyàn lè nàka sí. *Dunkirk* náà jẹ irú gbèsè yìí: àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó ń fi ìbaaka ru ẹrù wà ní etíkun yẹn ní ọdún 1940, ṣùgbọ́n ẹ lè wo fíìmù náà tán kí ẹ má mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Èyí tó kan wá gbọ̀ngbọ̀n ni *The Woman King*, ọdún 2022. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya á. Ó dá lé àwọn Agojie, obìnrin ológun Dahomey, ní ọdún 1823, nígbà tí ọba Gezo ń wá ọ̀nà láti já àjàgà ìṣákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn ìlú rẹ̀. Ọba gidi ni Gezo, àwọn obìnrin náà wà ní tòótọ́, lóòótọ́ sì ni wọ́n já àjàgà náà. Inú mi dùn láti rí wọn. Ṣùgbọ́n fíìmù náà jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé Gezo fẹ́ pa òwò ẹrú tì, tí Ọ̀yọ́ sì jẹ́ òṣìkà tí kò jẹ́ kó ṣe é. Ọ̀yọ́ náà ta ẹrú, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Gezo ńkọ́? Ọdún 1852 ló tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí òwò náà, ìyẹn nítorí pé ọkọ̀ ogun wọn ti dí etíkun rẹ̀ pa, ó sì tún padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún kan ṣáájú àdéhùn yẹn, ní 1851, ló rán ogun wá bá Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé kóra jọ sí. Àwọn Agojie wà nínú ogun náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú lẹ́yìn odi, nítorí pé Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ní 1864 wọ́n tún wá, wọ́n tún pàdánù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan rèé: wọ́n pe olórí ogun Ọ̀yọ́ inú fíìmù náà ní Oba Ade. Èmi tí mo gbọ́ Yorùbá dá fíìmù dúró, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ṣe rẹwà tó, kò sì sí ẹni tó rò láti béèrè.

Ọmọ-ẹ̀yìn-kámẹ́rà

Màmá, mo gbà fún yín lórí Gezo, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè ohun kan. Bí wọ́n bá ti sọ gbogbo òtítọ́ nípa òwò ẹrú Dahomey, ta ló máa fi owó sílẹ̀ kí wọ́n ṣe fíìmù nípa obìnrin ológun aláwọ̀ dúdú? Fíìmù tí kò jáde kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Ọmọ-bìnrin-òpìtàn

Mo mọ ìṣòro náà. Síbẹ̀, àwọn kan ti ṣe é láìbo ọ̀nà kankan mọ́lẹ̀. *The Battle of Algiers*, tí Gillo Pontecorvo darí ní ọdún 1966, ya ìjà òmìnira Àlgéríà ní àdúgbò Casbah níbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Saadi Yacef, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjà náà, wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, ó sì ṣe ẹni tó jọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Jean Martin tó ṣe ọ̀gágun Faransé ni òṣèré gidi tó mọ iṣẹ́ náà, àwọn yòókù jẹ́ ará ìlú lásán. Àwòrán rẹ̀ jọ ti ìròyìn débi pé wọ́n ní láti kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò sí àwòrán ìròyìn kankan nínú rẹ̀. Fíìmù náà fi bí àwọn Faransé ṣe dá ènìyàn lóró hàn, kò sì yọ bọ́ǹbù tí àwọn obìnrin Àlgéríà gbé sínú ilé ọtí sílẹ̀, ó tún jẹ́ kí a rí ojú ọmọ kékeré tó jókòó níbẹ̀ tó ń la áísíkiriìmù kó tó bú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ló ń ṣe fíìmù, síbẹ̀ kò fi ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́.

Akàwé-lóru

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí kò sí. Nígbà mìíràn, fíìmù máa ń fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnu ẹni tó gbé ayé rí, ọ̀rọ̀ náà á sì wọ inú ìwé. Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé Yamamoto, ọ̀gágun ojú omi Japan, sọ pé òmìrán tó ń sùn ni àwọn jí. *Tora! Tora! Tora!* ti ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti gbajúmọ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ó sọ ọ́ tàbí pé ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú fíìmù yẹn kan náà, bàálù B-17 kan tó fi táyà kan ṣoṣo balẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé: táyà rẹ̀ kejì ló kọ̀ láti jáde lọ́jọ́ iṣẹ́, kámẹ́rà sì ń yí, wọ́n sì fi í sínú fíìmù. Jàǹbá lásán ló wá jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gágun ló jẹ́ àfikún.

Awòran-má-sùn

Ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn jàre, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbéèrè kan kù tí wọ́n fẹ́ bi yín, ẹ sì má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ irọ́, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀: alùpùpù tí Steve McQueen fi fo wáyà lórí pápá nínú *The Great Escape* ńkọ́?

Ọmọ-ẹ̀yìn-kámẹ́rà

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Kò sí alùpùpù kankan. Nínú àwọn 76 tó sá kúrò ní ọgbà ẹlẹ́wọ̀n ogun Jámánì tí fíìmù náà dá lé ní oṣù Kẹta ọdún 1944, kò sí ọmọ Amẹ́ríkà kan. Mẹ́ta péré ló délé, wọ́n sì yìnbọn pa 50 lára àwọn tí wọ́n tún mú, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́ tí fíìmù náà kò fi bò. Donald Pleasence tó ṣe ayédèrú ìwé nínú rẹ̀ ti wà ní ọgbà ẹlẹ́wọ̀n Jámánì rí ní tòótọ́, nígbà tí wọ́n já bàálù tó wà nínú rẹ̀ lulẹ̀.

Ní ti fífò náà, ẹnìkan fò ó lóòótọ́, láìsí ẹ̀tàn kámẹ́rà kankan: Bud Ekins ni, ọ̀rẹ́ McQueen. Alùpùpù náà sì jẹ́ Triumph ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kùn kó lè jọ ti Jámánì.